Rẹ́jísítà àti Ọjọ́ Ọjà: Ìtàn Wíwá sí Ilé-Ìwé Déédéé láàárín Àwọn Ọmọ Kékeré ní Ilẹ̀ Yorùbá

Nígbà tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí ké sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wa, mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí ni iye ilé-ìwé tí a kọ́ àti iye ọmọ tí ó wọ inú wọn. Èmi náà ti kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń dàgbà sí i ni ó túbọ̀ ń yé mi pé iye ọmọ tí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kọ́ ni iye ọmọ tí ó mọ̀wé. Láàárín ọjọ́ tí a kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé àti ọjọ́ tí ọmọ náà lè ka lẹ́tà fúnra rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òwúrọ̀ ni ó wà níbẹ̀, tí ẹnì kan nínú ilé ní láti pinnu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé ọmọ yìí yóò lọ tàbí kò ní lọ. Ìtàn àwọn òwúrọ̀ wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tí à ń lò. Ọmọ tí kò bá lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ kan, a máa ń ní ó pa ilé-ìwé jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀bi ru ọmọ náà, bí ẹni pé ẹran ẹlẹ́ran ni ó jí pa. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kì í sábà dá ilé-ìwé pa jẹ. Àgbà ni í bá a pa á, àgbà náà a sì máa ní ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Òpìtàn tí kò bá wá ìdí náà kàn, ẹjọ́ lásán ni ó ń dá, kì í ṣe ìtàn ni ó ń sọ.

Kí ilé-ìwé tó dé, àwọn baba wa kì í ṣe aláìmọ ẹ̀kọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ni ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́, yálà lóko, nídìí òfì, ní àgbẹ̀dẹ tàbí lọ́dọ̀ babaláwo. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù gan-an ni ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ń pọ̀ jù. Nítorí náà, kò sí ọjọ́ tí òbí ní láti yan ọ̀kan nínú iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́. Ilé-kéú tí ó ti wà láàárín wa ṣáájú ilé-ìwé òyìnbó ní ìlànà tirẹ̀. Ó ń sinmi ní Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Jímọ̀, ó sì ń fi àkókò sílẹ̀ fún ọmọ láti ṣe iṣẹ́ ilé. Ilé-ìwé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ wí fún wa pé láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ní ọjọ́ márùn-ún tẹ̀léra wọn, ọmọ kò gbọdọ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ohun ńlá ni wọ́n béèrè yìí, àwọn baba wa sì mọ iye rẹ̀ ju bí àwọn òyìnbó ti rò lọ. Nínú ètò ìwọ̀fà, ẹni tí ó bá yá owó lè fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe ni èlé owó, kò sì dín gbèsè náà kù rárá títí di ọjọ́ tí wọn yóò san owó náà pé. Àwùjọ tí ó ti fi ọjọ́ ọmọ ṣe èlé owó kò ní ṣàìmọ iye tí ọjọ́ ọmọ tó. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé a ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé àìmọ̀kan ni kò jẹ́ kí àwọn òbí àtijọ́ rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Èrò tèmi ni pé ìṣirò ni wọ́n ṣe, ìṣirò náà kò sì burú lójú ohun tí wọ́n rí nígbà náà.

Àwọn ajíhìnrere ìgbà àkọ́kọ́ mọ èyí lára. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Badagry ní 1842. Ní 1843 ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1846 Henry Townsend àti Àjàyí Crowther dé Abẹ́òkúta. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rí kó jọ ni ọmọ àwọn Sàró tí ó ti ìlú òkèèrè dé, àti àwọn ọmọ tí wọ́n rà padà kúrò lóko ẹrú, tí kò ní ilé mìíràn ju ilé àwọn ajíhìnrere lọ. Ní Ìbàdàn, nígbà tí David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna dé Kúdẹtì ní 1853, olóyè kan fa ọmọ méjì lé wọn lọ́wọ́, Akínyẹlé àti Yéjídé. Títí di òní, ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan wà ní Ìbàdàn tí ó ń jẹ́ orúkọ Yéjídé. Ohun tí a kì í sábà fiyè sí nínú ìtàn yìí ni pé lábẹ́ òrùlé àwọn Hinderer ni àwọn ọmọ náà ń gbé. Ọmọ tí ó bá ń sùn sí ilé-ìwé kò lè pa ilé-ìwé jẹ. Ọ̀rọ̀ wíwá lójoojúmọ́ ti yanjú kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ni a lè fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọ́?

Nígbà tí ìjọba wá dá sí i, owó ni ó fi ṣe ọ̀ràn náà. Lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ 1882 àti ti 1887 ní Èkó, ara ohun tí ìjọba fi ń ṣírò ìrànwọ́ tí ilé-ìwé yóò gbà ni iye ọmọ tí ń wá àti bí wọ́n ti ṣe dáadáa tó nínú ìdánwò. Láti ìgbà náà ni rẹ́jísítà ti di ìwé owó. Ẹ lè fojú inú wo ìdẹwò tí èyí gbé síwájú ọ̀gá ilé-ìwé tí ó mú kálàmù dání, tí ó sì mọ̀ pé àmì kékeré kan lè sọ ọmọ tí kò wá di ọmọ tí ó wá. N kò ní pẹ́ lórí èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an ni 1955. Ní oṣù Keje 1952, S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá síwájú ilé aṣòfin. Ọ̀rọ̀ dandan wà nínú àbá náà. Nígbà tí ètò náà fi máa bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìn-ín-ní 1955, ọ̀fẹ́ ni ó kù; dandan ti bọ́ sílẹ̀. A kò lè dá ìjọba náà lẹ́bi púpọ̀. Owó ẹ̀kọ́ àti ìlera tí wọ́n bù lé àwọn ará ìlú, ṣílè mẹ́wàá àti sísì, ti dá ìjà sílẹ̀ káàkiri. Nínú ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, NCNC fi ẹ̀yìn Action Group balẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn tí í ṣe ilé rẹ̀, owó yìí sì wà lára ohun tí ó fà á. Ìjọba tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nítorí pé ó bu owó kò jẹ́ tún rán ọlọ́pàá lọ mú ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò wá sí ilé-ìwé.

Bí kò tilẹ̀ sí dandan, wọ́n wá. Ní 1954 àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ 456,600. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Kò sí irú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ó sì tọ́ kí a máa fi yangàn. Mo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn 811,432 yẹn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì jẹ́ ọ̀kan. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n mú àwa méjèèjì lọ. Ìwé ọjọ́ ìbí kò sí, nítorí náà tíṣà ní kí a na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kí a fi kan etí òsì. Ti ẹ̀gbọ́n mi kàn án, ó tilẹ̀ lé. Tèmi kò fẹ́ẹ́ tó o. Mo tẹ orí díẹ̀, ó sì kàn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ ilé-ìwé, èrú ni mo sì kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀.

Èlùbọ́ ni ìyá wa ń tà. Ẹ̀gbọ́n mi fi nǹkan bí ọdún kan jù mí lọ, orí rẹ̀ sì ti gba ẹrù. Ní ọjọ́ ọjà, òun ni í ru apẹ̀rẹ̀ kejì, bí wọ́n bá sì dé ọjà, òun náà ni í gbé àbúrò wa pọ̀n kí ọwọ́ ìyá wa lè gba òṣùwọ̀n. Èmi kéré jù láti ru ohunkóhun tí ó nítumọ̀, nítorí náà wọ́n máa ń fi mí sílẹ̀ kí n lọ sí ilé-ìwé. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ó yàn pé èmi ni kí ó mọ̀wé. Ẹrù èlùbọ́ ni ó yàn. (Bí mo bá sì ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Ọkùnrin ni mí. Bóyá ọmọ mìíràn ni wọn ìbá wá. N kò lè sọ pé èyí kò sí nínú rẹ̀.)

Ní ìparí ọdún kẹta, ẹ̀gbọ́n mi kò lọ mọ́. Lójú gbogbo ilé, ohun tí ó fà á kò fara sin: kò lórí ìwé. Tíṣà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí àwa tí ó lé ní ogójì há mọ́ nínú yàrá kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún wọ̀nyẹn, ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé olódo ni. Èmi náà gbà á gbọ́. Fún ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni mo fi gbà á gbọ́, tí mo sì ń pe ara mi ní òpìtàn.

Ní 1978 mò ń ṣe ìwádìí lórí àwọn ilé-ìwé abúlé, mo sì dé èyí tí a ti kẹ́kọ̀ọ́. Nínú àpótí kan tí ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, mo rí rẹ́jísítà kíláàsì wa ti 1955. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe olùkọ́ mọ bí ó ti rí: ìlà kan fún òwúrọ̀, ìlà kan fún ọ̀sán fún ọmọ tí ó wá; fún ẹni tí kò wá, òdo. Mo rí orúkọ mi. Mo rí ti ẹ̀gbọ́n mi ní òkè tèmi, òdo sì wà níbẹ̀ bí ẹni fọ́n ìrẹsì sílẹ̀. Mo da ojú-ewé mẹ́rin kọ sínú ìwé mi, mo sì mú un lọ sílé. Ohun tí mo rò pé mo rí ni ẹ̀rí pé ó máa ń wá ní ìgbà tí ó bá wù ú.

Mo fi hàn án ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣàlàyé pé ọjọ́ Ajé nìyí, Ìṣẹ́gun nìyí, Ọjọ́rú nìyí, pé òdo ni ọjọ́ tí kò wá. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọjọ́ ọjà ni gbogbo wọn.”

Òótọ́ ni. Mo ti wo ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò rí i. Ọjà wa jẹ́ ọjà ọrún: gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn baba wa tí ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, ó ń pé ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, èyí tí í ṣe mẹ́rin mẹ́rin bí a bá kà á ní ọ̀nà ti òyìnbó. Ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa ni, ti Ọ̀ṣẹ̀, ti Awo, ti Ògún, ti Jàkúta. Ọ̀sẹ̀ ilé-ìwé jẹ́ ọjọ́ méje. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjèèjì bá wọ inú ara wọn? Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, yóò tún bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì yóò bọ́ sí Ìṣẹ́gun, ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí Ọjọ́rú, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sí Ọjọ́bọ̀, kí ó tó padà sí ọjọ́ Ajé. Àwọn yòókù ń bọ́ sí Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Ìsinmi tí ilé-ìwé kò sí. Òdo ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ojú-ewé náà bí ẹni ń sọ àkàbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ogún ọjọ́ ẹ̀kọ́ ni ó wà. Ọjọ́ márùn-ún nínú rẹ̀ ni ọjà mú. Ọ̀kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ọjà ìsán ni, ọ̀kan nínú mẹ́jọ ni ìbá jẹ́. Ọmọ tí ń bá ìyá rẹ̀ ná ọjà ọrún ní gbogbo ọdún ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìṣàìsàn, láìsá kúrò ní ilé-ìwé, láìsí ẹni tí ó rò pé ohun burúkú kan ń ṣẹlẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé, mẹ́ta nínú mẹ́rin kò ha pọ̀ tó? Fún àgbàlagbà, ó lè tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti mọ̀wé kà, bí ó bá pa ọjọ́ kan jẹ, yóò gba ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò kà á, yóò sì bá wọn. Ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní kò ní ohun tí yóò fi bá wọn. Ohun tí yóò fi bá wọn gan-an ni wọ́n ń kọ́ ní ọjọ́ tí kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́ wa ní gb ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó bọ́ sí ọjà, ní Ọjọ́rú tíṣà yóò ti kọ gbogbo, àgbàdo àti gbẹ̀gìrì sójú pátákó, kò sì ní sọ mọ́ pé lẹ́tà méjì yìí ohùn kan ni wọ́n ń ní. Ọmọ tí kò gbọ́ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò jókòó, yóò máa wo ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì máa sọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ń ké bí ayékòótọ́ nìyẹn, kò kà á. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ìyọkúrò ni. Ìṣirò tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe lọ́jà yá ju tèmi lọ títí di òní olónìí, àmọ́ kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣàlàyé àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sórí sílétì. Nítorí náà ó gba òdo nínú ohun tí ó mọ̀ jù. Nínú rẹ́jísítà, ẹni tí kò wá gba òdo; lẹ́nu tíṣà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jẹ́ olódo. Èkíní ni ó bí èkejì, a kò sì rí ìdílé wọn.

Ọdún méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀ràn náà wà. Nígbà tí orí tèmi wá gba ẹrù, tí wọ́n ń mú èmi náà lọ sí oko ní ìgbà kòkó, mo ti mọ̀wé kà. Ẹ rántí pé láti oṣù Kìn-ín-ní dé oṣù Kejìlá ni ọdún ilé-ìwé nígbà náà. Sáà kẹta bọ́ sí àárín ìgbà tí wọ́n ń já kòkó, tí wọ́n ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń sá a, ìdánwò sì wà ní òpin rẹ̀. Yàrá wa máa ń dá páropáro. Mo pàdánù ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ọdọọdún, mo sì yè é, nítorí ohun tí mo ti ní lọ́wọ́.

Àwọn kan nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ sọ pé èdè ni ó lé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ, pé ẹ̀kọ́ tí kò yé ọmọ kò lè dá a dúró. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní kíláàsì kìn-ín-ní. Èdè tí ó dùn jù kò lè yé ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Òfin ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ mú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ dé gbogbo Nàìjíríà ní oṣù Kẹsàn-án 1976. Òfin UBE ti 2004 sì dá dandan tí ó bọ́ ní 1955 padà. Òbí tí kò bá rí i pé ọmọ rẹ̀ ń lọ yóò gba ìbáwí ní ìgbà àkọ́kọ́; ní ìgbà kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Mo ka òfin náà, mo sì rò nínú ara mi pé kò lè mú ìyá mi. Orúkọ ọmọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Aṣọ ilé-ìwé wà lọ́rùn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó ń wá. Adájọ́ wo ni yóò rán irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́wọ̀n? Ètò tí ó sún mọ́ ọ̀nà, lójú tèmi, ni ti oúnjẹ ọ̀sán tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 fún kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹta. N kò sọ pé wọ́n ṣe é dáadáa níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìgbà kan tí ìjọba bá ìyá sọ̀rọ̀ ní èdè tí àwọn baba wa gbọ́ nípa ìwọ̀fà: pé ọjọ́ ọmọ ní iye, pé ẹni tí ó bá gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ ilé yẹ kí ó dá nǹkan padà sí i. Bí a bá ti bi àwọn ìyá léèrè ní 1955, ọmọ wo ni ó ń bá yín ru ẹrù, ní ọjọ́ wo? Kò ní ju ìbéèrè kan lọ, tíṣà kan lè béèrè rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Kò sí ẹni tí ó béèrè. Rẹ́jísítà ń ka ọjọ́ ní méje méje, ọjà ń kà á ní mẹ́rin mẹ́rin, wọn kò sì pàdé àfi lórí ẹ̀gbọ́n mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ní 1978, lẹ́yìn tí ó ti sọ pé ọjọ́ ọjà ni, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ nípa ìyá wa, tí ó ti di olóògbé nígbà náà. Kò sọ ọ́. Ó bi mí bóyá àwọn ìlà yòókù, àwọn tí kì í ṣe òdo, ni ọjọ́ tí òun wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n kà wọ́n fún òun. Mo kà wọ́n, ní ojú-ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń fi ìka tẹ̀ lé mi. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.